Ilé àti Òde: Bí Ìrìn àti Ijó Ṣe Ń Pín Ààyè láàárín Yorùbá

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì wà tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́, yálà Ìbàdàn ni a ń gbé tàbí Lọ́ńdọ̀nù: wọlé àti jáde. Ẹ tú wọn wò. Wọlé ni wọ ilé. Jáde ni já òde. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré méjèèjì yìí, èdè wa ti pín ayé sí ọ̀nà méjì: ilé, níbi tí àwọn ẹbí wà, àti òde, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ògiri tàbí ilẹ̀kùn nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìrìn ló wà níbẹ̀: ẹnìkan ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí Yorùbá ṣe ń fi ìrìn àti ijó sọ ibi tó jẹ́ ti ẹbí nìkan, ibi tó jẹ́ ti gbogbo ayé, àti ibi tó wà láàárín méjèèjì. A óò bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá, a óò jáde sí ojúde àti ọjà, a óò dé Brasil àti Kúbà, a óò sì parí rẹ̀ sínú họ́ọ̀lù àríyá ní òkè òkun. Àlàyé ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ṣíṣe wà ní ìsàlẹ̀.

1. Orúkọ àwọn ààyè

Láyé àtijọ́, inú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé. Agbo ni ohunkóhun tó bá yí ká tàbí tó kó ara jọ: agbo ẹran, agbo ijó, agbo ilé. Nínú agbo ilé, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, bàbá, ìyá, ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ sì jọ ń lo àgbàlá náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ibi tí ẹbí ń gbé àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jó. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń ṣe: wọ́n ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà lẹ́yìn.

Bí a bá ti inú lọ síta, àwọn orúkọ tí a óò bá pàdé nìwọ̀nyí:

• Ìyẹ̀wù: yàrá inú, níbi tí ènìyàn ń sùn sí, tó sì ń kó ohun ìní rẹ̀ pamọ́ sí. Àlejò kì í wọ ibẹ̀ àfi bí a bá pè é.

• Ọ̀dẹ̀dẹ̀: àyè tó ní òrùlé, tó wà níwájú àwọn yàrá. Ibẹ̀ ni àgbà ń jókòó sí láti gba àlejò.

• Àgbàlá: àárín agbo ilé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé ti ń lọ lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pàlọ́ tí wọ́n sì ń ṣeré òṣùpá lálẹ́.

• Ẹ̀yìnkùlé: ẹ̀yìn ilé. Ohun tí a kò fẹ́ kí àlejò rí, ẹ̀yìnkùlé ló ń wà.

• Ojúde: iwájú ilé. Ìdílé ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ kọjá.

• Ìta: ojú ọ̀nà àti gbàgede. Ó wà nínú orúkọ àdúgbò, bí Ìta Fájì ní Èkó.

• Oríta: ibi tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé.

• Ọjà: ibi tó jẹ́ ti gbogbo ìlú jù lọ. Ní Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, ọjà pàtàkì kan wà nítòsí ààfin, Ọjà Ọba sì ni orúkọ rẹ̀.

Òde kò sí nínú àkójọ yìí nítorí pé ó ju ibì kan ṣoṣo lọ. Bí ẹnìkan bá sọ pé "Mo wà níta," ibi tó dúró sí ló ń sọ. Bí ó bá sọ pé "Mò ń ròde," ayẹyẹ ló ń lọ, kódà bí ayẹyẹ náà bá wà nínú họ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Aṣọ tí yóò wọ̀ lọ ni aṣọ òde. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ ni aṣọ ilé. Òde, nígbà náà, ni ibi tí ojú wà. Ibi yòówù tí àwọn ènìyàn bá ti lè wò ọ́, tí wọ́n sì lè sọ ohun tí wọ́n rí, òde ni.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹwà tí ayé ń rí ní gbangba, inú ilé la ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayẹyẹ tí a óò mẹ́nu bà nísàlẹ̀ yìí ló ń tẹ̀lé òwe náà: ìmúra ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà ìjáde, lẹ́yìn náà ijó.

2. Ìkómọjáde: ìjáde àkọ́kọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ń jáde, kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ ní orúkọ mìíràn, ìkómọjáde, ìyẹn ni pé a kó ọmọ jáde. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ọjọ́ yìí ni wọ́n ń gbé ọmọ kúrò nínú yàrá fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á da omi sókè sórí òrùlé, omi náà á sì máa kán sí ọmọ lára bí ó ti ń padà bọ̀ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò fún gbogbo ọmọ.

Kí ni ìrìn kékeré yìí ń sọ? Nígbà tí ọmọ wà nínú ìyẹ̀wù, ìyá rẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde sáàárín ẹbí, ó di ọmọ gbogbo ilé, gbogbo ilé sì ní ẹ̀tọ́ láti fún un lórúkọ. Bí ẹ bá lọ síbi ìkómọjáde ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ẹ wo ibi tí ìyá ọmọ ti ń bọ̀. Ó sábà máa ń ti yàrá òkè sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀, àwọn ìyá á máa kọrin níwájú rẹ̀, wọ́n á sì máa jó díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń bọ̀. Kò sí àgbàlá níbẹ̀, kò sì sí òrùlé tí omi ń kán láti orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjáde náà ṣì wà.

3. Ìyàwó: láti ilé kan dé ilé kejì

Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Ó ń lọ bá bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń tọrọ ìwúre, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Nípa báyìí ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dágbére fún gbogbo igun ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi orin àti ijó sìn ín lọ sílé ọkọ. Kí ó tó wọlé, wọ́n á da omi sí i lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tó gba òde kọjá ni wọ́n ń fọ̀, kí ó tó di ẹsẹ̀ inú ilé.

Nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí a ń ṣe nísinsìnyí, obìnrin méjì ló sábà máa ń darí ètò. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ìdílé ọkọ ni alága ìdúró. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ìdílé ìyàwó ni alága ìjókòó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere. Ìdílé ìyàwó ló wà nílé, nítorí náà wọ́n jókòó. Ìdílé ọkọ ló wá tọrọ, nítorí náà wọ́n dúró. Àwọn ẹbí ọkọ kò lè ṣàdédé jókòó; wọ́n gbọ́dọ̀ kọrin, kí wọ́n jó wọlé, kí àwọn obìnrin wọn kúnlẹ̀, kí wọ́n sì gba àṣẹ. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Lẹ́yìn èyí ni ìyàwó yóò jó wọlé, pẹ̀lú ìbòjú lórí rẹ̀. Họ́ọ̀lù tí wọ́n sanwó fún fún wákàtí mẹ́fà péré ti di ilé bàbá ìyàwó, ìdúró, ìjókòó, ìdọ̀bálẹ̀ àti ijó ló sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

4. Ojúde Ọba: iwájú ilé tó gba gbogbo ìlú

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń péjọ láti kí Awùjalẹ̀. Ojúde Ọba ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Àwọn Mùsùlùmí ìlú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ báyìí, àwọn Krìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà sì ń bá wọn ṣe é.

Ẹ wo ètò ibẹ̀. Ọba jókòó. Ìlú ló ń rìn kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì ń jó lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn óò fi dé iwájú ọba, kí wọ́n tó kí i. Àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wá pẹ̀lú onílù wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ní ọdún 2024, àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tàn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò tíì dé Ìjẹ̀bú rí mọ orúkọ ayẹyẹ náà.

Orúkọ náà ló yẹ kí a wò dáadáa. Ayẹyẹ yìí tóbi, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ná owó sí i, kámẹ́rà sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ojúde ló ṣì ń jẹ́, kì í ṣe ìta. Ẹni tó bá jó níbẹ̀, iwájú ilé ẹnìkan ló ti ń jó, ó sì mọ onílé. Ìdí nìyí tí ijó ibẹ̀ fi ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: wọ́n ń yan, wọ́n ń tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ń tẹrí ba.

Ọba Síkírù Adétọ̀nà ló wà lórí ìtẹ́ Ìjẹ̀bú láti 1960 títí di oṣù keje ọdún 2025. A kì í sọ pé ọba kú. A ń sọ pé ọba wàjà, ìyẹn ni pé ó wọ àjà. Kódà ikú ọba, ìrìn láti òde lọ sínú ilé ni èdè wa kà á sí.

5. Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ọ̀rọ̀ ilé di orin ọjà

Àwọn Yorùbá ìhà ìwọ̀ oòrùn ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Kétu, Yewa, àti àwọn tí a ń pè ní Nàgó ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008. Wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè, tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, láti bọlá fún àwọn ìyá wa àti Ìyá Ńlá. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé eégún rẹ̀, wọ́n sì ń jó bí obìnrin àti bí ọkùnrin.

Gbàgede tàbí ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ilé kan tó wà nítòsí sì ni àwọn oníjó ti ń múra. Ọjà bá a mu, nítorí pé àwọn obìnrin ló ni agbára níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Alẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà, á wúre, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ sí àwọn oníwà burúkú: olè, alágbèrè, ọ̀kánjúwà, olóyè tó ń jẹ ìlú run. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ìyẹ̀wù di orin tí gbogbo ọjà ń gbè. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ní ọ̀sán, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ á jáde. Wọ́n sábà máa ń jáde ní méjì-méjì, pẹ̀lú ère lórí àti ohun tó ń dún lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ bá ìlù mu gẹ́lẹ́.

Àwọn àgbà ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ẹwà ni òwe náà ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó ṣáájú ẹwà náà lóru. Ọjà ni ibi tí ẹni tó ṣe ibi nínú ilé kò ti lè fi ògiri bo ara rẹ̀ mọ́.

6. Egúngún àti Orò: nígbà tí òde yí padà

Egúngún ń ti igbó ìgbàlẹ̀ jáde, níbi tí ẹni tí a kò mú mọ awo kò gbọ́dọ̀ dé. Nígbà tí ó bá dé ojú títì, ó ń mú ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ dání. Atókùn ń rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pàṣán, kí àwọn ènìyàn má baà sún mọ́ agọ̀ rẹ̀. Bí egúngún bá yíra padà lójijì, agbo á fẹ̀. Bí ó bá sún sẹ́yìn, agbo á sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ń sá, wọ́n ń padà wá, wọ́n tún ń sá. Gbogbo wọn ló ń jó láìmọ̀, nítorí pé egúngún ló ń pinnu bí àyè tó wà láàárín wọn yóò ṣe tó.

Inú egúngún náà ni eré alárìnjó ti jáde, ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Ẹ wo orúkọ náà: rìn àti jó ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣeré ní ààfin àti ní ojúde àwọn ènìyàn pàtàkì. Ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń pagbo sí.

Orò yàtọ̀. Nígbà tí Orò bá ń ké, obìnrin kì í jáde. Ní àwọn ìlú bí Ìkòròdú, wọ́n máa ń kéde ọjọ́ tí àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Lọ́jọ́ náà, ojú títì tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn lánàá di ti àwọn awo. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn kan ní àṣà ìlú ni, ẹni tó bá ń gbé ìlú yẹ kó bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn mìíràn tọ́ka sí apá 41 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa rìn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Orò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ta ló ni òde?

7. Brasil àti Kúbà: ètò agbo ilé ní ilẹ̀ àjèjì

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brasil àti Kúbà kò lè gbé agbo ilé lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ètò rẹ̀ lọ, nínú ọ̀rọ̀ àti nínú ara.

Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, terreiro ni wọ́n ń pe ilé ìsìn Candomblé. Ó ní yàrá ìkọ̀kọ̀ tó ń jẹ́ roncó, ó sì ní gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ barracão, níbi tí àlejò lè jókòó sí. Ẹni tí wọ́n ń ṣe òrìṣà fún ni iaô, ìyẹn ìyàwó. Yóò wà nínú roncó fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó tó jáde sínú barracão láti jó níwájú gbogbo ènìyàn. Nínú ìjáde yìí ni òrìṣà rẹ̀ yóò ti sọ orúkọ tuntun jáde ní gbangba. Ẹ wo bí ó ṣe jọ ìkómọjáde: yàrá, ìjáde, orúkọ. Xirê ni wọ́n ń pe ijó tí wọ́n ń jó yí gbọ̀ngàn ká fún àwọn òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀rọ̀ wa, ṣiré, ni ó ti wá.

Jíjó nínú ilé ara ẹni kò rọrùn níbẹ̀. Títí di ọdún 1976, àwọn terreiro ní Bahia gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún wọn. Ìlù tó ń dún nínú ilé dá wọn lẹ́jọ́ lóde. Ní 1984, ìjọba Brasil gba terreiro Casa Branca sínú àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè ń dáàbò bò, òun sì ni ibi ìsìn àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1949, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador ti dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sì gbé ìlù ijexá, tó gba orúkọ rẹ̀ lára Ìjẹ̀ṣà, láti inú terreiro jáde sí títì nígbà Kàníífà. Wọ́n ṣì ń jáde títí di òní.

Ní Kúbà, ìgbodù ni wọ́n ṣì ń pe yàrá òrìṣà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lu bàtá, ìlù á kọ́kọ́ dún nínú ìgbodù níwájú pẹpẹ, láìsí orin, láìsí ijó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bọ́ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní eyá aránla, níbi tí orin àti ijó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìyẹ̀wù, òrìṣà nìkan ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀. Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo ènìyàn á dá sí i. Láyé ẹrú, ọjọ́ kan wà lọ́dún, ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, tí àwọn ọmọ Áfíríkà ń jó káàkiri títì Havana ní gbangba. Ìjọba fòfin de é ní àwọn ọdún 1880.

8. Họ́ọ̀lù àríyá àti fóònù

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló mọ òde láti inú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì, họ́ọ̀lù ilé ìwé tàbí họ́ọ̀lù tí a háyà nítòsí ojú irin. Wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tí a bí sókè òkun pé kò mọ ijó jó. Nínú kíláàsì mi, àwọn tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń rò pé ẹsẹ̀ wọn ni kò dára. Kì í sábà jẹ́ ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí, àti ìgbà tí wọ́n wọ agbo, ni àwọn àgbà ń wò. Ohun márùn-ún yìí yóò ràn yín lọ́wọ́:

• Ẹ kí àgbà kí ẹ tó jó. Ẹni tó gba iwájú ìyá àgbà kọjá láìkúnlẹ̀ tàbí láìdọ̀bálẹ̀, bó ti wù kí ijó rẹ̀ dára tó, ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

• Ẹ dúró létí agbo ná. Etí agbo dà bí ojúde: ó gba gbogbo ènìyàn. Àárín agbo dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹni tó ni òde ló ni ín, ó sì dára kí wọ́n pè yín.

• Bí ẹni tó ni òde bá ń jó wọlé, ẹ má ṣe ṣáájú rẹ̀ àfi bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń sìn ín. Ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé àga rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

• Bí onílù bá ń ki yín, ẹ dúró gbọ́ ọ. Gáńgan ń pe orúkọ ilé yín ní gbangba. Ẹ tẹrí ba, ẹ jó díẹ̀, ẹ fún un lówó.

• Bí ẹ bá fẹ́ náwó fún ẹni tó ń jó, ẹ jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ná an, kí ẹ sì jó padà. Ẹ ti wọ àárín agbo. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ rántí pé bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n owó náírà lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àyè tuntun kan tún ti dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń jó nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, ó sì gbé e sórí TikTok. Àwọn òbí rẹ̀ ń bínú, òun kò sì mọ ìdí, nítorí pé inú ilé ló wà. Ọ̀rọ̀ òde yóò là á yé wọn. Òde ni ibi tí ojú wà. Ní kété tí fóònù bá tan, ìyẹ̀wù ti di òde, bẹ́ẹ̀ aṣọ ilé ló ṣì wọ̀. Òbí tó bá sọ báyìí, dípò kó kàn pariwo, yóò rí i pé ọmọ náà gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọmọ náà lè wá fúnra rẹ̀ pinnu èyí tó jẹ́ ijó ilé àti èyí tó jẹ́ ijó òde.

9. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ní mímọ̀

Jó wọlé: kí ènìyàn máa jó bí ó ti ń wọ ibì kan.
Jó jáde: kí ènìyàn máa jó bí ó ti ń kúrò níbẹ̀.
Yan: kí ènìyàn máa rìn pẹ̀lú ìgbéraga àti ẹwà.
Pagbo: kí àwọn ènìyàn dúró yí ibì kan ká.
Sìn: kí a bá ẹnìkan rìn lọ síbi tó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ìyàwó.
Ròde: kí ènìyàn lọ síbi ayẹyẹ.
Ní gbangba: níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.
Ní ìkọ̀kọ̀: níbi tí àwọn díẹ̀ nìkan ti mọ̀ nípa rẹ̀.

10. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ya àwòrán ilé tí ẹ ń gbé. Fi orúkọ Yorùbá sí àyè kọ̀ọ̀kan: èwo ni ìyẹ̀wù, èwo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, èwo ni ojúde? Àyè wo ni ẹ kò rí orúkọ fún?

2. Ẹ bi àgbà kan nínú ẹbí yín léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tàbí ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti ń jó nílé yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Ta ni kì í jó níbẹ̀?" Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún lórí ìdáhùn rẹ̀.

3. Ẹ wo fídíò ayẹyẹ kan tí ìdílé yín ṣe. Ẹ sọ ìgbà tí ẹnìkan jó wọlé, ìgbà tí ẹnìkan kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, àti ẹni tó jókòó ní gbogbo àkókò náà. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

4. Ẹ fi wọlé, jáde, ròde àti pagbo ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nípa ibi tí ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.